Bàálù Aláìlẹ́ńjìnnì: Láti Afienya ní Ghana Dé Orí Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

  Admin yín ni o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wa kan tó ń ta aṣọ òkirìkà, tó ń gbé ní Nyanya, ní kí n bá òun bá ọmọkùnrin òun wí. Ó ní òru ni ọmọ náà fi ń wa bàálù lórí kọ̀ǹpútà, bàálù tí kò tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì, pé òun àti àwọn òyìnbó kan ń bá ara wọn sáré. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó níbí lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ní yahoo ni. Ẹlòmíì ní kí wọ́n ta kọ̀ǹpútà náà kíá. Mo lọ sílé wọn, mo jókòó ti ọmọ náà, mo wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo wádìí ìtàn rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, kí a tó dá ẹjọ́.

Ohun tí ọmọ yẹn ń wà ni wọ́n ń pè ní gíláídà. Bàálù gidi ni, apá rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàálù mìíràn ló máa fi okùn fà á gòkè. Tó bá ga tó, awakọ̀ á tú okùn sílẹ̀, ó di òun nìkan. Báwo ni kò ṣe já lulẹ̀? Ẹ ti rí àwòdì tó ń rà bàbà lókè Àpáta Aso lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ju apá, síbẹ̀ ó ń ga sí i. Oòrùn ti mú ilẹ̀ àti àpáta gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gòkè. Afẹ́fẹ́ yẹn ni àwòdì ń gùn, òun náà ni gíláídà ń gùn.

Tí wọ́n bá fẹ́ díje, wọ́n á yan ibi mélòó kan lórí máàpù. Ẹni tó bá yára jù lọ láti yí gbogbo wọn ká ló gbégbá orókè. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọlọ́jà. Tí o bá pẹ́ jù níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á kọjá lọ. Tí o bá tètè kúrò jù, o lè má rí òmíràn lọ́nà, wàá balẹ̀ sínú oko olóko.

Ìlú Jámánì ni eré yìí ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 gba bàálù ogun lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wọn bá gbé bàálù aláìlẹ́ńjìnnì lọ sórí òkè kan tó ń jẹ́ Wasserkuppe ní 1920, wọ́n ń díje níbẹ̀. Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan ti jáde, Hanna Reitsch, tí wọ́n bí ní 1912.

Mi ò ní bò ó fún yín: Hitler ni obìnrin yìí wa bàálù fún. Ní oṣù Kẹrin 1945, nígbà tí ìbọn ń ró ní Berlin, ó wà nínú bàálù kékeré tí ọ̀gágun kan ń wà wọ ìlú láti lọ bá Hitler. Ìbọn ba ọ̀gágun náà lẹ́sẹ̀, Hanna ló na ọwọ́ gba ìdarí, tó sì mú bàálù náà balẹ̀. Ìjọba tí kò ka èèyàn dúdú sí èèyàn ni ó sìn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nítorí pé ní 1962, Kwame Nkrumah ránṣẹ́ pè é wá sí Ghana. Ghana ti gba òmìnira ní 1957, Nkrumah sì fẹ́ kí ọ̀dọ́ rẹ̀ má bẹ̀rù ẹ̀rọ, kí wọ́n má máa wo ojú òfurufú bí ohun ìní òyìnbó. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíláídà sílẹ̀ ní Afienya, nítòsí Tema. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ràn wọ́n lọ́wọ́. Èrò Nkrumah ni pé ọmọ tó bá dá nìkan wà lókè láìsí ẹ́ńjìnnì á kọ́ ìfarabalẹ̀, á mọ bí a ṣe ń pa òfin mọ́, á sì mọ̀ pé ọwọ́ ara òun lòun ń jẹ. Ẹ wò ó, ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí, ọmọ dúdú ń gun afẹ́fẹ́ bí àwòdì, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn! Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ ọ rí?

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1966, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba nígbà tí Nkrumah wà lẹ́nu ìrìn àjò lọ sí Vietnam. Wọ́n lé Hanna kúrò ní Ghana, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì tú ká. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ Afienya tán. Oòrùn kò yé ràn. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, nígbà tí ẹni yẹn ṣubú, pápá, bàálù àti olùkọ́ bá a lọ.

Ẹ̀yin tí àwọn èèyàn yín gbé Ghana, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yorùbá tó ń tajà níbẹ̀ kò níye. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ránṣọ ní Kumasi fún ogún ọdún. Ogbómọ̀ṣọ́ ló padà sí, àpótí kan àti orí máṣíìnì tó yọ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rí gbé. Ṣọ́ọ̀bù, owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ló kù sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti ń gba aṣọ rán. Àwa náà sì lé àwọn ará Ghana níbí ní oṣù Kìíní 1983. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn.

Ó yá, báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe kan kọ̀ǹpútà? Ní 1929, ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ dùùrù ní Binghamton, mú ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí dùùrù, ó fi ṣe bàálù àfarawé. Èèyàn á jókòó sínú rẹ̀, á máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láìkúrò nílẹ̀. Eré ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Ní 1934, nígbà tí àwọn awakọ̀ ṣọ́jà tó ń gbé lẹ́tà ń kú nínú ojú ọjọ́ burúkú, ìgbà yẹn ni àwọn ológun Amẹ́ríkà lọ rà á. Ní 1982, Microsoft gbé tirẹ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà ilé. Ní 2005, àwọn ará Slovenia, ìlú kékeré kan ní Yúróòpù, ṣe èyí tó jẹ́ ti gíláídà nìkan, wọ́n pè é ní Condor.

Condor yìí ni ọmọ Nyanya ń lò. Ẹnì kan á yan ọ̀nà ìdíje, á yan afẹ́fẹ́ àti àkókò, àwọn tó kù á wọlé láti ilé wọn, kálukú ń rí bàálù ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà kòrónà ní 2020, tí ìjọba sé Abuja mọ́ wa láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, tí a jókòó sílé tí ọjà ń bàjẹ́, àwọn pápá gíláídà ní Yúróòpù náà wà ní títì. Àwọn awakọ̀ gidi wọn kó sórí Condor, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré.

Lálẹ́ tí mo wà lọ́dọ̀ ọmọ náà, ó wà ní ipò kẹrin. Ó ń ṣe ìṣirò lórí bébà: ó ga tó báyìí, ó jìnnà tó báyìí, ṣé òun á dé? Òyìnbó tó ń bá sáré kò béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ku díẹ̀, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ náà kò gbé e, wọ́n sì ka á sí ẹni tí kò parí. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé bébà rẹ̀, ó parí ìṣirò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò bá dé."

Nítorí náà, ìyá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má ta kọ̀ǹpútà náà. Mi ò sọ pé ó ń mówó wá, kò mú kọ́bọ̀ wá. Mi ò sọ pé ó ti di awakọ̀, wákàtí orí kọ̀ǹpútà ilé kò sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú tó wà ní Zaria láti 1964 ni wọ́n ti ń gba ìyẹn, ó sì gba ìṣirò àti físíìsì tó yè kooro. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àdéhùn: òru Jímọ́ òun Àbámẹ́ta nìkan, kó sì fi èsì ìdánwò rẹ̀ hàn yín. Èmi á bá a wá bátìrì tó dáa.

Pápá Afienya, wọ́n tì í. Ṣọ́ọ̀bù Kumasi, wọ́n gbà á. Àwa tí a wà ní Abuja yìí, a mọ bí bọ́dọ́sà ṣe ń dún ní ìdájí. Ohun tó bá ti wọ orí ọmọ àti ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn ni kì í sí lára ẹrù tí wọ́n ń gbà lẹ́nubodè.

Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ bá gbé ìtòsí Tema láyé Nkrumah, tí wọ́n rí bàálù wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ránṣẹ́. Ọjà ọ̀la á tà o. Ó dàárọ̀.