Àwọn 14 tí Wọ́n Lé ní Wyoming

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ní 1969, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Wyoming ní Amẹ́ríkà ń fakọ yọ. (Bọ́ọ̀lù tiwọn ni o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré.) Ìdíje mẹ́rin ni wọ́n ti gbá ní sáà yẹn, wọn ò tíì pàdánù ìkankan. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa pàdé Brigham Young, yunifásítì ìjọ Mormon. Láyé ìgbà yẹn, ìjọ náà kì í fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Á ṣèrìbọmi, á san ìdámẹ́wàá, àmọ́ torí awọ ara rẹ̀, oyè tí àwọn ọkùnrin yòókù ń gbà ò kàn án.

Nígbà tí eré ku ọ̀la, àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú 14 so aṣọ dúdú mọ́ apá, wọ́n lọ bá kóòṣì wọn, Lloyd Eaton. Wọ́n fẹ́ bi í bóyá àwọn lè so ó wọ pápá láti fi hàn pé ẹ̀kọ́ yẹn ò dáa. Ìbéèrè ni wọ́n gbé lọ, wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Kóòṣì ní òfin pé ọmọ ẹgbẹ́ òun ò gbọdọ̀ fẹ̀hónú hàn, kò sì fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn. Kíá ló lé gbogbo wọn! Gómìnà àti ìgbìmọ̀ yunifásítì pàápàá ti kóòṣì lẹ́yìn. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, wọn ò jàre.

Wyoming na Brigham Young 40 sí 7 lọ́jọ́ kejì, inú ìlú dùn. Àmọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn sáà yẹn, wọ́n pàdánù gbogbo ẹ̀. Ní 1970, nínú eré 10, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ. Eaton kúrò nídìí iṣẹ́ kóòṣì.

Àwa pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Orí pẹpẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé pápá. Ìjọ náà yí òfin rẹ̀ padà ní 1978.

Yunifásítì ò tọrọ àforíjì títí di 2019, àádọ́ta ọdún gbáko. Àwọn kan nínú àwọn 14 ti kú nígbà yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ṣẹ́ kù àti ìjọ Mormon yẹn kan náà pawọ́ pọ̀: ìjọ kó oúnjẹ wá, àwọn bàbá wọ̀nyí ń pín in fún aláìní ní ìlú wọn.