Ẹran Bíńtín Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù: Ìtàn Jẹjẹrẹ Kaposi

Màmá kan tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ẹnubodè Aflao ló dá mi dúró lọ́nà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn fẹ́ gé ẹran lẹ́sẹ̀ àbúrò mi. Àmì dúdú lásán mà ni! Ṣé ọ̀bẹ yẹn ò ní ru àrùn náà sókè?” Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá màmá lóhùn.

Ní 1872, dókítà awọ ara kan ní ìlú Vienna, Moritz Kaposi, kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin mélòó kan tí kókó rúsúrúsú yọ sí lára. Ó pè é ní jẹjẹrẹ aláwọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó jò sínú ẹran ló fún kókó náà láwọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, àwọn àgbà ọkùnrin ló sì sábà máa ń mú.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní 1934, Smith àti Elmes tẹ ìwé jáde lórí kókó jẹjẹrẹ 500 láti ara àwọn ọmọ Nàìjíríà. Jẹjẹrẹ Kaposi wà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọdún yẹn wò. Ní 1961, àwọn dókítà pé jọ sí Kampala lórí àrùn yìí nìkan. Ó di 1981 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí rí i lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní Amẹ́ríkà, tí ìyẹn sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ta aráyé lólobó nípa éèdì, tí àwa níbí ń pè ní sida. Nítorí náà, ẹni tó bá rí kókó lẹ́sẹ̀ aládùúgbò tó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó yẹ kó dákẹ́. Lóòótọ́, sida ń fún àrùn yìí lágbára, ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ Kaposi gan-an yàtọ̀: HHV-8 ni, Yuan Chang àti Patrick Moore ló rí i ní 1994.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bàbá kan wà tí wọ́n ti fún ní oògùn ẹ̀tẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ níbì kan. Kókó ò lọ, ẹsẹ̀ ń wú sí i. Ojú lásán ni wọ́n fi wò ó. Èmi náà, ká sọ òótọ́, ẹ̀tẹ̀ ni mo pè é. Lára adúláwọ̀, kókó yìí kì í pupa, dúdú ló máa ń dà, ó sì lè jọ nǹkan mẹ́wàá.

Wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, wọ́n gé ẹran tí kò tó hóró àgbàdo. Inú fọ́málìn ni wọ́n ń fi í sí. (Ẹ má bu omi tàbí sódábì sí i lójú ọ̀nà o! Mo ti rí i rí.) Ní labó, wọ́n á fi ìda mú un le, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, wọ́n á fi aró kùn ún. Dókítà tó ń ka ẹran á wá rí sẹ́ẹ̀lì gígùn, tó tín-ín-rín lórí àti nídìí bí ìrànwú tí àwọn ìyá wa fi ń ran òwú, tí wọ́n ń gba ara wọn kọjá. Láàárín wọn, ihò tóóró tí ẹ̀jẹ̀ há sí. Lóde òní, oògùn kan wà tí wọ́n ń fi kan ẹran náà, tó ń fi HHV-8 hàn nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ẹ̀tẹ̀ kì í rí báyẹn. Gígé bíńtín yẹn kì í sì í tan àrùn náà ká.

Wọ́n dá oògùn ẹ̀tẹ̀ bàbá náà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti jẹjẹrẹ. Ẹsẹ̀ fà díẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ti lọ.

Màmá aláṣọ mú àbúrò rẹ̀ lọ sí CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin lọ́jọ́ Ajé. Èsì ò tíì jáde bí mo ṣe ń kọ èyí.