Fífín sẹlẹ́níọ̀mù sí ẹ̀fọ́ ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Fífín sẹlẹ́níọ̀mù sí ẹ̀fọ́ jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà fi èròjà sẹlẹ́níọ̀mù kún ewébẹ̀ nígbà tó ṣì wà lóko. A ó po ìwọ̀nba iyọ̀ sẹlẹ́níọ̀mù mọ́ omi, a ó fín in sí ewé, ewé á fà á mu, ẹni tó bá jẹ ẹ̀fọ́ náà á sì rí i gbà. Kì í ṣe torí kí ẹ̀fọ́ lè tóbi ni a ṣe ń fín in. Ẹni tó máa jẹ ẹ́ là ń rò. Ó wà lára ohun tí a fi ń gbógun ti ebi tí kò hàn, ìyẹn ni pé kí ènìyàn máa yó lójoojúmọ́, kí ara rẹ̀ sì ṣaláìní àwọn èròjà kéékèèké. Ní agbègbè bí Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí ẹ̀fọ́ ti wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀, tí ilẹ̀ pupa sì gbòde, fífín in sí ewé bá ibẹ̀ mu ju dída á sí ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín èyí tó ń ṣe ara lóore àti èyí tó ń ṣe é níjàǹbá kò fẹ̀, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ àfojúdá.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara

Jöns Jacob Berzelius, onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ Sweden, ló ṣàwárí sẹlẹ́níọ̀mù ní ọdún 1817. Fún ìgbà pípẹ́, májèlé tó ń ba ẹran ọ̀sìn jẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1957 ni Klaus Schwarz àti Calvin Foltz fi hàn lára eku pé ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń dènà àìsàn ẹ̀dọ̀. Nígbà tó di 1973, àwọn onímọ̀ rí i pé ó wà nínú ẹ́ńsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì kí èémí tí a ń mí má baà bà á jẹ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń mú kí omi-ara tọ́róìdì inú ọrùn ṣiṣẹ́ náà nílò rẹ̀. Nítorí náà, áyódíìnì inú iyọ̀ ọbẹ̀, tí a fi ń dènà gẹ̀gẹ̀, kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ó nílò sẹlẹ́níọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n dá ní Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà jẹ́ máíkírógíráàmù 55 lóòjọ́, 60 fún aláboyún, 70 fún ìyá tó ń tọ́mọ. Ẹja, ẹyin àti ẹran ni wọ́n ti ń rí i jù. Ilé tí ẹja kì í tó lórí ọbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ohun tí ilẹ̀ bá fún irúgbìn ló kù fún wọn.

Ohun tí àìtó rẹ̀ lè fà hàn kedere ní Keshan, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní àríwá ìlà oòrùn China. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí àìsàn ọkàn kan ní 1935, tó ń pa ọmọdé àti àwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní sẹlẹ́níọ̀mù tó. Láti 1974, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní egbòogi sẹlẹ́níọ̀mù ní agbègbè Sichuan, àìsàn náà dín kù gidigidi láàárín wọn.

Ilẹ̀ àti ẹ̀fọ́ agbègbè náà

Orí àpáta líle àtijọ́ ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ̀dó sí, irú àpáta tí a ń rí níta gbangba ní òkè Ìdánrè, tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní sẹlẹ́níọ̀mù púpọ̀. Èkejì ni pé òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ti fọ ilẹ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó sì ṣẹ́ kù kún fún irin tó dípẹtà, òun ló jẹ́ kí ilẹ̀ pupa. Irin yìí máa ń so mọ́ sẹlẹ́níọ̀mù, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti kan, gbòǹgbò kò sì ní rí i fà. Bí àgbẹ̀ bá da sẹlẹ́níọ̀mù sí irú ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù.

Ní àsìkò òjò, ẹ̀fọ́ wà káàkiri: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyòkòtò, ewédú, gbúre, igbàgbá, ọ̀dú, úgú àti ewúro. Wọ̀rọ̀wọ́ máa ń hù lábẹ́ ibòji kòkó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn àgbẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀, létí odò àti àwọn àbàtà ìlú, wọn á kọ bẹ́ẹ̀dì, wọn á máa bomi rin ín. Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ yìí ni fífín sẹlẹ́níọ̀mù bá lára mu jù, nítorí òjò kì í rọ̀ kó wá fọ oògùn kúrò lójú ewé.

Bí ewé ṣe ń gbà á

Ẹ̀yà méjì ni iyọ̀ tí a sábà ń lò: sẹlẹ́néètì àti sẹlẹ́náìtì. Sẹlẹ́níọ̀mù jọ imí-ọjọ́ débi pé irúgbìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà tí imí-ọjọ́ ń gbà wọlé ni sẹlẹ́néètì náà ń gbà. Bí omi oògùn bá bọ́ sójú ewé, á gba inú awọ rẹ̀ àti àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ewé fi ń mí wọlé. Nínú ewé, irúgbìn á sọ ọ́ di ara àwọn èròjà purotéènì rẹ̀. Ẹ̀yà tó ti di ara ewé yìí ni ara ènìyàn ń gbà dáadáa jù. Àlùbọ́sà, aáyù àti àwọn ìbátan kábéèjì mọ iṣẹ́ yìí ṣe ju ọ̀pọ̀ irúgbìn lọ.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í fín in lónìí kí a sì já ẹ̀fọ́ lọ́la. Ewé nílò ọjọ́ mélòó kan láti yí i padà, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lójú rẹ̀, omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ ló máa gbé e lọ. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí oòrùn kò tíì gbẹ omi náà kíákíá. Bí wọ́n bá gé úgú tàbí tẹ̀tẹ̀ tó sì tún rú, ewé tuntun kò ní ní èyí tó ti bá ti àkọ́kọ́ lọ. Àfi kí wọ́n tún un fín.

Ìwọ̀n

Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò lágbàáyé, gíráàmù 10 sẹlẹ́níọ̀mù fún hẹ́kítà kan ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń fi bẹ̀rẹ̀ lórí ọkà. Ìyẹn ni mílígíráàmù kan péré fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó. Sẹlẹ́níọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ sẹlẹ́néètì gbígbẹ tó nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà gíráàmù 24 iyọ̀ náà ló máa fúnni ní gíráàmù 10.

Bí àgbẹ̀ bá ń lo omi lítà 300 fún hẹ́kítà, tí ẹ̀rọ àgbékọ́yìn rẹ̀ sì gba lítà 15, ogún táǹkì ló máa fín. Ohun tó kan táǹkì kọ̀ọ̀kan kò ju gíráàmù 1.2 lọ. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ ọbẹ̀ ń lọ sí gíráàmù 5 tàbí 6. Ẹni tó bá fi ṣíbí bu iyọ̀ sẹlẹ́néètì sínú táǹkì ti fi ó kéré tán ìlọ́po mẹ́rin kọjá ààlà. Ọ̀nà tó láàbò ni kí ẹni tó ní òṣùwọ̀n pípé po gíráàmù 24 náà sínú lítà 20 omi, kí àgbẹ̀ wá máa wọn lítà kan nínú rẹ̀ sí táǹkì kọ̀ọ̀kan, kó fi omi lítà 14 kún un.

Ká ṣe ìṣirò: bí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù 10 ẹ̀fọ́ tútù jáde, tí ìdá kan nínú márùn-ún sẹlẹ́níọ̀mù tí a fín bá sì dúró nínú ewé, gíráàmù 100 ẹ̀fọ́ náà á ní máíkírógíráàmù 20. Ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ.

Ilé ìdáná tún lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ alásè ló ń bọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fún un, tí wọ́n á sì da omi náà nù kí wọ́n tó rò ó. Apá kan sẹlẹ́níọ̀mù máa ń bá omi yẹn lọ. Ewédú tí a kò da omi rẹ̀ nù kò ní irú àdánù yẹn.

Ìrírí ibòmíràn

Finland ni orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fi fífi sẹlẹ́níọ̀mù kún irúgbìn ṣe òfin fún gbogbo ìlú. Ní 1984, ìjọba ibẹ̀ pinnu pé kí ilé iṣẹ́ máa po sẹlẹ́néètì mọ́ ajílẹ̀: mílígíráàmù 16 fún kílò kan ajílẹ̀ ọkà, 6 fún ti koríko ẹran. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti ń pọ̀ jù lára àwọn ènìyàn, wọ́n dín in sí 6 fún gbogbo rẹ̀ ní 1990, wọ́n gbé e sókè sí 10 ní 1998, àti 15 ní 2007. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa yí i padà ni pé wọn kò jáwọ́ nínú yíyẹ oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ará ìlú wò.

Ní Áfíríkà, Màláwì ló ti lọ jìnnà jù. Wọ́n ti dán an wò lórí àgbàdo níbẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé kan ní agbègbè Kasungu sì jẹ ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fín sẹlẹ́níọ̀mù sí lóko. Sẹlẹ́níọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè.

Ewu

Ní Enshi, ní àárín gbùngbùn China, sẹlẹ́níọ̀mù pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Láàárín 1961 sí 1964, irun àwọn ará abúlé ibẹ̀ ń já, èékánná wọn ń bọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 2008, àṣìṣe ìpòpọ̀ mú kí egbòogi olómi kan ní ìlọ́po 200 sẹlẹ́níọ̀mù tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ènìyàn 201 ló kó sí i. Èémí tó ń rùn bí aáyù wà lára àmì àpọ̀jù sẹlẹ́níọ̀mù. Wọ́n ní kí àgbàlagbà má gbà ju máíkírógíráàmù 400 lọ lóòjọ́ ní Amẹ́ríkà. Àjọ oúnjẹ ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ tiwọn di 255 ní 2023.

Ewu àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ń fín in, nítorí iyọ̀ náà gan-an jẹ́ májèlé kí a tó là á. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ṣe pàtàkì. Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó ti mọ ẹ̀rọ ìfín-oògùn tipẹ́, torí òun ni wọ́n fi ń gbógun ti àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú àti kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi fín oògùn apakoríko kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́.

Ní Nàìjíríà

Irúgbìn tí a fi èròjà kún kì í ṣe àjèjì mọ́. Ní 2011, wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ní fítámì A jáde ní Nàìjíríà. Láàárín 2015 sí 2018, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Manitoba ní Kánádà àti àwọn mìíràn ṣe iṣẹ́ MicroVeg ní Nàìjíríà àti Benin, níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ ní ìwọ̀nba ajílẹ̀ díẹ̀. Ní agbègbè yìí, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa irúgbìn àti ilẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó ní 2015 sì wà nítòsí fún iṣẹ́ tó bá kan ẹ̀jẹ̀ àti ara ènìyàn. Ìmọ̀ méjèèjì ni iṣẹ́ yìí ń béèrè.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè àti ẹ̀fọ́ tí a fín sẹlẹ́níọ̀mù sí. Ẹni tó wá ra ẹ̀gẹ́ rí àwọ̀ rẹ̀. Ìdì tẹ̀tẹ̀ tó ní sẹlẹ́níọ̀mù àti èyí tí kò ní, bákan náà ni wọ́n rí lórí àtẹ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò sì lè torí rẹ̀ gba owó tó ju ti ẹnìkejì lọ. Àgbẹ̀ tó bá fi owó ara rẹ̀ fín in kò rí èrè kankan. Nítorí náà, bí ti Finland ló ṣeé ṣe kó rí: kí ilé iṣẹ́ ti pò ó mọ́ ajílẹ̀ olómi tí a ń fín sí ewé ní ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí, kí àgbẹ̀ rà á bó ṣe ń ra ajílẹ̀ yòókù, kí ilé àyẹ̀wò sì máa yẹ ilẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò kí iye rẹ̀ tó lọ sókè tàbí sílẹ̀.