Ọ̀nà Ni Ó Ń Gbé Ilé Wá: Ìtàn Ilé Kọ̀nténà ní Agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó

Ìtàn ilé kíkọ́ ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ọ̀nà, nítorí pé Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, jẹ́ oríta tí ọ̀nà Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé, tí àwọn abúlé bí Àgọ́ Aláyè sì ń fojú sí i fún ọjà àti fún ohun èlò ìkọ́lé. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ilé kọ̀nténà, ìyẹn ilé tí a fi àpótí irin ńlá tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó ẹrù ṣe, a máa sọ ọ́ bí ẹni pé àṣà àjèjì kan ni ó ṣàdédé já lulẹ̀. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ilé tí ohun èlò rẹ̀ ti ibòmíràn wá, tí ó sì ṣeé tú tàbí ṣeé gbé, ti wà ní ilẹ̀ yìí ṣáájú kọ̀nténà, àti pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó fà á ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Kí páànù tó dé, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri nínú igbó yìí, igi àti ọparun ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé, ewé gbòdògì, èyí tí ó máa ń hù lábẹ́ àwọn igi ńlá, ni wọ́n sì fi ń bò ó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ọ̀dàn ti ń fi koríko bẹẹrẹ bo tiwọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n ewé kì í pẹ́ jẹrà nínú òjò ilẹ̀ igbó, títún un bò sì di iṣẹ́ tí kì í tán. Nígbà tí iṣẹ́ kòkó gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, àwọn àgbẹ̀ láti ìlú Yorùbá mìíràn wọ igbó náà, wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn irè oko tàbí owó tí àlejò ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí àmì pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Abà ni irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ sí oko, kì í ṣe ilé. Ìlú tí ó ti wá ni ó ń fi owó kòkó kọ́ ilé sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ń fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín abà àti ilé yìí ṣe pàtàkì fún gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e, nítorí ẹni tí kò nílẹ̀ kì í fẹ́ ri owó rẹ̀ mọ́ ohun tí kò lè gbé lọ.

Páànù, irin pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ ga tí ó tún rẹlẹ̀ bí ebè àti poro, ni ohun èlò òkè òkun tí ó kọ́kọ́ yí ojú ilé padà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí a rántí pé odidi ilé irin ti gúnlẹ̀ sí Èkó kí páànù tó di ti gbogbo ayé, nítorí pé irin ni wọ́n fi ṣe ilé tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1861, tí ìjọba náà gba ìlú náà. Richard Burton, arìnrìn-àjò tí ó dé Èkó lọ́dún náà, fi ilé yìí wé pósí, nítorí bí ikú ṣe ń mú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà le jù fún irin, nítorí ibà ni ó sábà ń pa àwọn òyìnbó ní etíkun náà, kò sì sí ẹni tí ó tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Síbẹ̀, ilé yẹn ni ó yẹ kí a kà sí bàbáńlá ilé kọ̀nténà ní apá ibi tí a wà yìí.

Ní Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé tí ó ṣeé tú tí ó pọ̀ jù ni ilé pákó. Igbó Olúwa àti àwọn igbó tí ó yí i ká kún fún ìrókò, ọ̀gànwó, arère àti ọ̀mọ̀, àwọn ilé ìlagi tí àwọn ènìyàn ń pè ní sọ́míìlì sì di òpó ọrọ̀ ajé ìlú náà. Àwọn pákó tí ó dára ń bá ọkọ̀ lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pákó, èyí tí ó kọ́kọ́ ń já sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo igi nígbà tí ayùn bá gun ìtì, kò wúlò fún oníṣòwò ńlá, òun sì ni tálákà ń rà láti fi kan ògiri ilé àti ti ìsọ̀. Bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ, yóò fa ìṣó yọ, yóò tú pákó, yóò sì lọ tò ó sí ibòmíràn.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ Ọ̀rẹ̀ dé etí gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra, tí wọ́n ti la ilẹ̀ Bìní kọjá, dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí ilé padà níbẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣágámù dé Bìní, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970. Àwọn tí ń ṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a máa gbé pótákábìn, ilé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọkọ̀ ń gbé wá ní odindi, kalẹ̀ sí ibi iṣẹ́ fún ọ́fíìsì àti fún ibùsùn, wọn a sì gbé e lọ bí iṣẹ́ bá parí.

Kọ̀nténà fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀. Malcom McLean, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan láti North Carolina ní Amẹ́ríkà, ni ó rí i pé ó sàn kí wọ́n gbé odidi àpótí ọkọ̀ sórí omi ju kí wọ́n máa já ẹrù lápòlápò lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Ideal-X gbéra ní Newark lọ sí Houston pẹ̀lú àpótí 58. Láti ọdún 1968 ni àjọ ISO, tí ó ń pinnu òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n kan náà lélẹ̀ fún un, èyí tí ó bí kọ̀nténà ẹsẹ̀ 20 àti ẹsẹ̀ 40 tí a mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1989, ará Amẹ́ríkà kan, Phillip Clark, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí a lè gbà sọ ọ́ di ilé gbígbé, Amsterdam sì fi nǹkan bí 1,000 yàrá irú rẹ̀ ṣe ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Keetwonen láti ọdún 2005 sí 2006.

Èkó kò dúró de ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1975, símẹ́ǹtì tí ìjọba ológun rà pọ̀ débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sí ojú òkun Èkó láìrí àyè já ẹrù. Èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977 sì jẹ́ ara àtúnṣe ọ̀ràn náà. Kọ̀nténà wá ń ya wọlé, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì, tí í ṣe olórí ohun tí Nàìjíríà ń tà fún ayé, kì í wọ inú kọ̀nténà, kòkó àti rọ́bà kò sì tó láti kún gbogbo èyí tí ó wọlé. Òfìfo ni ọ̀pọ̀ ń bá ọkọ̀ padà, èyí tí ó ti gbó lórí omi fún ọdún 12 sí 15 sì ń di títà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ìsọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe, nítorí pé kì í rọrùn fún olè láti já a. Oníṣòwò tí ń sùn sí ẹ̀yìn ọjà rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ilé.

Iṣẹ́ sísọ ọ́ di ilé kò rọrùn tó bí ojú ti ń rí i. Ara òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni agbára kọ̀nténà wà, orí búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ó sì yẹ kí ó jókòó. Bí wẹ́dà bá gé ojú fèrèsé sí ara ògiri láìfi irin yí etí rẹ̀ ká, ògiri náà yóò rọ, òrùlé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi dúró. Fífẹ̀ inú rẹ̀ kò ju mítà 2.35 lọ, bí wọ́n bá sì ti tẹ́ fóòmù sí ara irin, tí wọ́n fi pákó bò ó nítorí ooru ọ̀sán, yàrá náà tún dín kù sí i. Òógùn irin tún wà: nínú ọ̀rinrin igbó yìí, omi a máa sẹ̀ sí ara ògiri ní òru tí kò bá sí ihò afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ inú rẹ̀, pákó onípele tí ó nípọn tó mìlímítà 28, sábà máa ń jẹ́ igi líle láti igbó Éṣíà, tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò kùn. Ẹni tí yóò sùn lórí rẹ̀ ní láti ká a kúrò tàbí kí ó bò ó, kí igi àjèjì má baà di májèlé fún ẹni tí ó ń gbé ní àárín ilé ìlagi.

Lójú ẹni tí ó ń ṣòwò ní etí títì, gbogbo ìyọnu yìí tọ́. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni mítà 45.72 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín ọ̀nà rẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí onílẹ̀ ni àlejò ṣì ń lọ bá. Ilé búlọ́ọ̀kù tí ó bọ́ sí ilẹ̀ ọ̀nà yìí yóò di àlàpà bí katakátá ìjọba bá dé. Kọ̀nténà tí ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin kò wọlẹ̀, olówó rẹ̀ yóò sì wá kíréènì gbé e. Ṣùgbọ́n trélà àti kíréènì ń fẹ́ ọ̀nà tí ó le àti afárá tí ó lè gbé wọn, èyí tí kì í sí ní ọ̀nà oko lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ̀nténà fi ń rọ̀ mọ́ etí ọ̀dà, tí ẹni tí ó ń dáko kòkó ní ìgbẹ́ ẹ̀yìn Àgọ́ Aláyè sì rí i pé pákó sọ́míìlì Ọ̀rẹ̀, tí alùpùpù lè rù díẹ̀díẹ̀, ṣì yá ju irin èbúté Àpápá ní Èkó lọ.