"Ojú mi là, kí ló dé tí ẹ dá a dúró?": Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹfirí tó ń fòpin sí ìjà MMA

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Òru ṣì ni ní New York, àmọ́ l'Ékòó níbí, àwọn kan ti ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjà UFC 281 ní Madison Square Garden ti wọ abala karùn-ún, ìyẹn abala tó kẹ́yìn. Israel Adésànyà, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1989 kó tó di ará New Zealand, ló ń ṣíwájú. Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fún un ní 39 sí 37. Kó ṣáà ti dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ títí aago á fi lù, bẹ́líìtì ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ni Alex Pereira, ará Brazil, bá fi ẹ̀ṣẹ́ òsì kàn án, ó tún kàn án sí i. Adésànyà fẹ̀yìn ti wáyà àgò, orí ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún lọ sósì, ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e. Rẹfirí Marc Goddard kó sáàárín wọn ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 1. Ó parí.

Adésànyà ò ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Kò dákú. Lẹ́yìn ìjà, ó ní wọ́n tètè dá a dúró, pé ojú òun là kedere, òun sì ń rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀, pé ẹsẹ̀ òun tí Pereira ti ń ta nípàá láti ẹ̀yìn ojúgun ló dà òun láàmú. Ẹjọ́ tí àwọn ọmọ wa ń rò nìyẹn níbi gbogbo. Ẹ lọ sí Warehouse Road, lágbègbè Apapa àti Ajegunle, kẹ́ ẹ dúró nídìí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, kẹ́ ẹ ní Goddard ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ẹ máa rí i bí wọ́n á ṣe kọjú sí yín. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn kan ti gé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, inú ò sì tíì rọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo "ó ti yá jù!" Mo ti wo fídíò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, mi ò sì pariwo mọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, kí lòfin sọ? Nínú gídígbò àwọn bàbá wa, ọ̀rọ̀ rọrùn: ẹ̀yìn ẹ bá ti kan ilẹ̀, ó tán. Ilẹ̀ ni rẹfirí, ilẹ̀ kì í sì í ṣojúsàájú. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó bá ṣubú ní kíkà 10 láti fi dìde. Nínú MMA, kò sí kíkà rárá. Tó o bá ṣubú, alátakò ẹ lè tẹ̀ lé ọ wálẹ̀ kó máa gbá ọ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rẹfirí nìkan ló dúró láàárín ẹni tó ti dákú àti ẹni tó ṣì ń gbá a. Nínú òfin àjùmọ̀lò tó fìdí múlẹ̀ láti New Jersey ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, òun ni ìpinnu wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó sì ń wò kì í ṣe bóyá ẹni náà dákú. Ohun tó ń wò ni bóyá ó ṣì ń fi làákàyè dáàbò bo ara ẹ̀. Ẹni tó kàn fọwọ́ borí, tí kò kúrò lójú kan, tí kò dá ẹ̀ṣẹ́ padà, lè lajú sílẹ̀ rekete kí òfin ṣì ní ó ti tó. Àwọn oníjà mọ èyí. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, rẹfirí máa ń wọlé bá wọn nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra, á sì ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn.

Ẹ wá wo ohun tí Adésànyà sọ: ojú mi là, mò ń rí ẹ̀ṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè tí rẹfirí ń bi í.

Ọ̀rọ̀ tó le jùyẹn wà níbẹ̀. Ṣé a lè gba ọ̀rọ̀ oníjà gbọ́ nípa ara ẹ̀ rárá? Kì í ṣe pé irọ́ ló ń pa o. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ wọn ò parọ́. Àpẹẹrẹ tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni ti Tim Sylvia àti Frank Mir, nínú UFC 48, ní oṣù Kẹfà ọdún 2004. Mir dùbúlẹ̀, ó di apá Sylvia mú, ó sì nà án kọjá ibi tí ìgúnpá lè gbà. Rẹfirí Herb Dean rí i pé eegun ti dá, ó sáré dá ìjà dúró ní ìṣẹ́jú àáyá 50. Sylvia bínú. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe apá òun, kí wọ́n jẹ́ káwọn máa jà lọ. Àwọn òǹwòran náà ń hó yèè sí rẹfirí. Ìgbà tí wọ́n tún fídíò gbé sójú iná ńlá ni gbogbo wọn rí ibi tí eegun ti kán. Dókítà ní láti fi irin to eegun yẹn. Eegun apá tìẹ ló kán, ìwọ lo sì ń búra pé kò kán!

Apá nìyẹn o, tí ọpọlọ sì wà pérépéré láti fi mọ̀ ọ́n. Tó bá wá jẹ́ orí ni wọ́n gbá ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ́ tó lágbára máa ń mi ọpọlọ nínú agbárí. Ọpọlọ yẹn kan náà ló yẹ kó sọ fún ẹ pé "mo ti ṣèṣe." Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń lù. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ mì lè sọ̀rọ̀, ó lè dúró, ó lè rẹ́rìn-ín, kó má sì rántí lọ́la pé òun sọ ọ̀rọ̀ kankan. Anthony Joshua, tí ìdílé ẹ̀ wá láti Ṣàgámù, ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́wọ́ Andy Ruiz ní 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, Madison Square Garden yẹn náà ni. Lẹ́yìn ìṣubú kẹrin, ó dìde, ó fẹ̀yìn ti igun, ó tẹ́ apá méjèèjì sórí okùn bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Rẹfirí Mike Griffin bá a sọ̀rọ̀, ara ẹ̀ ò dá a lóhùn, ó fòpin sí i ní abala keje. Ó ya Joshua lẹ́nu. Kò ya ẹni tó wà níta lẹ́nu.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Robert Trivers, ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1976 pé ìtanra-ẹni-jẹ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ẹni tó bá kọ́kọ́ tan ara ẹ̀ jẹ ló máa ń tan ẹlòmíì jẹ dáadáa, torí kò sí ìbẹ̀rù irọ́ lójú ẹ̀. Ẹ gbé e wọ inú àgò, ẹ máa rí i pé ó bá a mu. Ẹni méjì ń bọ̀ wá jà, àwọn méjèèjì dá a lójú pé àwọn máa borí. Ọ̀kan nínú wọn ti ń tan ara ẹ̀ jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ẹni tí kò bá ní ìdánilójú yẹn, ta ló máa wọ ibẹ̀? Oṣù mẹ́ta ló fi ń sáré láàárọ̀, tó ń sọ fún ara ẹ̀ pé ìrora ò sí. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀gá nìyẹn. Ẹ ò wá lè retí pé lójijì, ní abala karùn-ún, kó di ẹni tó máa sọ òótọ́ nípa ara ẹ̀.

Àwa òǹwòran náà ò sàn ju wọ́n lọ. Ní 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, nínú UFC 245, Kamaru Usman, ọmọ Auchi, gbá Colby Covington ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní abala karùn-ún. Rẹfirí dá ìjà dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 50. Covington fi ìbínú jáde, ó ní rẹfirí ja òun lólè. Ta ni rẹfirí yẹn? Marc Goddard! A yìn ín lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ kí ọmọ Nàìjíríà kankan sọ pé ó tètè dá a dúró. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin yẹn kan náà ṣe ohun kan náà, a ní olè ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò rọrùn tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Miami. 8 oṣù Kẹrin ọdún 2023, UFC 287, Adésànyà àti Pereira tún pàdé. Abala kejì, Pereira tún ti Adésànyà mọ́ wáyà, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti orúnkún rọ̀ lé e, Adésànyà fọwọ́ borí. Àwòrán New York gan-an ni. Ẹ̀rù ti bà wá. Lójijì, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan jáde láti ibi wáyà yẹn, òmíràn tẹ̀ lé e, Pereira sì dákú gbọnrangandan ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 21. Adésànyà ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí nǹkan ń ṣe ni, kí Pereira lè sún mọ́ òun. Tí rẹfirí ọjọ́ yẹn bá tètè dá sí i, ìṣẹ́gun tó dùn jù nínú ìgbésí ayé ẹ̀ ì bá ti bọ́.

Ohun tí àwọn tó ń bínú sí Goddard máa ń fà yọ nìyẹn: ṣé ẹ rí i, ó lè jáde níbẹ̀! Èsì mi ni pé ẹ tún wò ó. Ní Miami, ọwọ́ ẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró dáadáa, ojú ẹ̀ ń tẹ̀ lé Pereira. Ní New York, ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀, orí ń mì lọ mì bọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ́ kankan tó ń padà lọ. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n jọra. Rẹfirí ò sì dúró lọ́nà jíjìn. Ẹ tún rò ó pé ọ̀rọ̀ "mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni" yẹn, ọ̀rọ̀ oníjà nípa ara ẹ̀ ṣì ni. Mo gbà á gbọ́ dé àyè kan. Àmọ́ a máa ń yẹ àlàyé ẹni tó pàdánù wò fínnífínní, tí a sì máa ń gba ti ẹni tó borí láìbéèrè nǹkan kan.

Rẹfirí náà máa ń ṣàṣìṣe, kí n má parọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí Usman gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Tyron Woodley, nínú UFC 235, oṣù Kẹta ọdún 2019, Ben Askren há Robbie Lawler lọ́rùn. Apá Lawler rọ̀ wálẹ̀, Herb Dean rò pé ó ti sùn lọ, ó dá a dúró. Kíá ni Lawler fò dìde, tí ojú ẹ̀ là bí tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kọfí. Àṣìṣe nìyẹn, lójú tèmi. Ìjà kan ló bọ́ lọ́wọ́ Lawler, ó padà sílé lórí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Àṣìṣe tó wà ní òdìkejì ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 24 oṣù Kẹta ọdún 1962, ní Madison Square Garden àtijọ́, kí wọ́n tó kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, Emile Griffith ti Benny Paret, ará Cuba, mọ́ igun ní abala 12. Ẹ̀ṣẹ́ tó lé ní 20 ló rọ̀ lé e lórí kí rẹfirí Ruby Goldstein tó fà á kúrò. Paret ò ṣubú, torí okùn gbé e ró. Kò jí mọ́. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Griffith yìí náà ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Dick Tiger tiwa ní 1966. Àwọn tó rí ìjà ti 1962 lórí tẹlifíṣọ̀n ò tíì ní sọ pé rẹfirí kankan tètè dá ìjà dúró láti ìgbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ajegunle àti gbogbo Èkó gan-an ni ibi ìdánrawò. Níbẹ̀, kò sí Goddard, kò sí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, ọ̀rẹ́ ẹni ló ń gbá ẹni. Tí wọ́n bá gbá ọmọ kan lórí tó ta gọ́ọ́gọ́, ohun tí wọ́n á bi í ni "Bọ̀dá, ṣé kò sí?" Ta ni yóò dáhùn pé ó wà? Ọmọ Yorùbá tí ilé ẹ̀ ń jó gan-an á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́. Á ní kò sí wàhálà, á wọ bàtà, á gun ọ̀kadà lọ sílé, wọ́n á tún gbá a lórí lọ́la. Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gbá dákú tún jà títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan á fi kọjá, bó wù ú bí ò wù ú.

Torí náà, ẹ má bi í bóyá ó dáa. Ẹ bi í ní ohun tó ní ìdáhùn: abala wo la wà? Ta ló gbá ẹ kẹ́yìn? Báwo lo ṣe débí láàárọ̀ yìí? Tó bá ń ronú kó tó dáhùn, tàbí tó ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìdánrawò ọjọ́ yẹn ti tán, kó má sì dá lọ sílé. Tó bá wá ń bì, tí orí fífọ́ ń le sí i, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí ọmọlójú kan tóbi ju ìkejì lọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó rí bí wọ́n ṣe gbá a sì tẹ̀ lé e, kí òun bá dókítà sọ̀rọ̀, torí tí dókítà bá bi ọmọ yẹn fúnra ẹ̀, á ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun.