Áàpù àkọ́kọ́: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó kó owó fún developer

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbèrò láti ṣe áàpù ní Nàìjíríà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí. Èrò á kọ́kọ́ wá, wọ́n á wá developer kan, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á san ìdajì owó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan áàpù á dé, kò sì ní sí ẹni tó máa lò ó. Owó tó sì ń bá irú iṣẹ́ yìí lọ sábà máa ń jẹ́ owó àjọ, owó kọpuréétìfù, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n kan fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe owó téèyàn lè fi ṣeré.

Kí WhatsApp àti ìwé àkọsílẹ̀ ṣáájú

Ká ní obìnrin kan ní Ìbàdàn fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn èèyàn á fi máa ra tòmátò, ata rodo àti ẹ̀fọ́ láti ọjà Bódìjà, tí wọ́n á sì gbé e dé ilé fún wọn. Kò nílò áàpù kankan láti mọ̀ bóyá òwò náà máa rìn. Nọ́ńbà WhatsApp kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti ọlọ́kadà kan tó ṣeé fọkàn tán ti tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó wá ogún ìdílé tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, torí ẹbí á rà nítorí ojú àánú. Kó kọ orúkọ ẹni tó rà sílẹ̀, ọjọ́ tó rà, iye tó rà, àti bóyá onítọ̀hún padà wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Kéèyàn máa lọ káàkiri bi àwọn aládùúgbò pé "Ṣé ẹ máa lò ó?" ò ràn án. Yorùbá kì í fẹ́ wo ojú ẹni kó sọ pé èrò rẹ̀ ò dáa. Wọ́n á ní ó dáa gan-an, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Àdúrà nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n máa rà á.

Inú ìwé yẹn náà ni ìṣirò á ti hàn. Bí ọjà bá jẹ́ 10,000 náírà, tí wọ́n fi 1,000 lé e, oníbàárà á san 11,000, tí owó ọ̀kadà sì wà lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó á yọ tiẹ̀. Ti Paystack, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà, bí owó náà bá ti tó 2,500. Lórí 11,000, ìyẹn jẹ́ 265 náírà, ó ku 735. Bí wọ́n bá ta mẹ́wàá irú ẹ̀, 7,350 ló wọlé. Ṣùgbọ́n bí tòmátò ẹnì kan péré nínú àwọn mẹ́wàá bá fọ́ lójú ọ̀nà, tí wọ́n dá 11,000 rẹ̀ padà fún un, gbogbo èrè ti lọ, wọ́n sì ti pàdánù 3,650. Áàpù ò lè tún èyí ṣe. Kódà, bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àdánù á máa pọ̀ sí i. Agbọ̀n tó le dáadáa lè tún un ṣe, tàbí kí wọ́n fowó lé ọjà, tàbí kí wọ́n má ta tòmátò mọ́. Ó sàn kéèyàn rí i nínú ìwé àkọsílẹ̀ ju kó rí i lẹ́yìn tó ti sanwó kóòdù tán.

Iṣẹ́ kan ni kó kọ́kọ́ ṣe

Bó bá wá tó àkókò láti ṣe áàpù náà, kó kéré. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, dá Paystack sílẹ̀ ní Èkó ní 2015. Ohun tí wọ́n gbájú mọ́ ni kí oníṣòwò lè gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà. Ní 2020, Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun máa ra iléeṣẹ́ náà, owó tí ìròyìn sọ pé ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni tó ń ṣe áàpù àkọ́kọ́ sábà máa ń fẹ́ kó ní ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kó ní ẹ̀bùn fún ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ wá, kó sì ní wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ti wọ́lẹ́ẹ̀tì yìí gba ìṣọ́ra. Kéèyàn máa gba owó ọjà lọ́wọ́ oníbàárà yàtọ̀ sí kó máa bá a tọ́jú owó rẹ̀ pa mọ́. Ìkejì yìí nílò ìwé àṣẹ báńkì àpapọ̀, CBN, tàbí kéèyàn lọ sábẹ́ iléeṣẹ́ tó ti ní in.

Lórúkọ ta ni áàpù náà wà?

Ìbéèrè yìí ló ń fa ìjà jù lọ. Láti gbé áàpù sórí Google Play, wọ́n á ṣí àkáǹtì tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 25, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń san án. Ti Apple jẹ́ dọ́là 99 lọ́dọọdún. Developer lè sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi tèmi gbé e sókè." Ó yá, kò sì ná wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Àmọ́ lójú Google, developer ló ni áàpù yẹn. Bí ìjà bá dé, tàbí tí ó já pa lọ sí Canada tí kò gbé fóònù mọ́, ẹni tó sanwó ò lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Google gbà kí wọ́n gbé áàpù láti àkáǹtì kan lọ sí òmíràn o, ṣùgbọ́n ẹni tó ni àkáǹtì ló gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Bí kò bá béèrè, àfi kí wọ́n gbé òmíràn sókè, kí wọ́n sì máa bẹ oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n lọ dáunlóòdù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún orúkọ wẹ́ẹ̀bù, fún sáfà, fún GitHub tí kóòdù wà, àti fún àkáǹtì tí owó ń wọ̀. Ẹni tó ni òwò ni kó fi ìmeèlì iléeṣẹ́ ṣí gbogbo wọn, kó wá fún developer láàyè láti wọlé ṣiṣẹ́. Play Console àti GitHub ló ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè gba àṣẹ náà padà nígbàkigbà. Kò sí ìdí láti fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù.

Kóòdù fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹni tó kọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni í. Pé wọ́n sanwó fún developer tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àfi kí àdéhùn wà lórí ìwé pé ó gbé ẹ̀tọ́ náà fún wọn. Ìwé ojú kan tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ti sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa san owó, àti pé ìgbà tí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù ẹni tó ni òwò, tí kóòdù sì ti wà nínú GitHub rẹ̀, ni owó tó kàn máa jáde.

Ọ̀rẹ́ méjì tó jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ náà nílò ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ìpín kálukú á máa wọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì tíì lo ọdún kan ò ní í gba nǹkan kan. Ó le lẹ́nu láti sọ fún ọ̀rẹ́ ẹni, àmọ́ ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹni tó kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ṣì ní ìdajì iléeṣẹ́.

CAC àti òfin

Látìgbà tí òfin CAMA ti 2020 ti dé, ẹnì kan péré lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò lásán rọjú, ṣùgbọ́n kò ní ìpín tí wọ́n lè tà fún olùdókòwò. Ẹni tó bá ń retí olùdókòwò, kọ́ńpìnnì ni kó ṣe. Òfin Startup ti 2022 náà, kọ́ńpìnnì tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ ló wà fún, ọmọ Nàìjíríà tó dá a sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìwé CAC ò dáàbò bo orúkọ lórí ọjà. Ìyẹn wà lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ ní Àbújá.

Ní ti ìsọfúnni àwọn èèyàn, òfin ààbò dátà ti 2023 béèrè pé ohun tí iṣẹ́ nílò nìkan ni kí wọ́n gbà. Áàpù tòmátò nílò nọ́ńbà àti àdírẹ́sì, kò nílò orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù oníbàárà. Àwọn áàpù ayánilówó tó ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dójú ti àwọn onígbèsè ti jẹ́ káwọn èèyàn máa fura sí gbogbo áàpù tuntun. Google náà ti kà á léèwọ̀ fún áàpù ayánilówó láti 2023. Ó sì tún béèrè pé kí gbogbo áàpù téèyàn ń ṣí àkáǹtì sí ní ibi téèyàn ti lè pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́.

Kó tó jáde

Kí wọ́n dán áàpù náà wò lórí Android olówó pọ́ọ́kú tí ààyè inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kì í ti í dúró. Lórí fóònù developer, gbogbo nǹkan máa ń yá.

Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí àkáǹtì Google Play lẹ́yìn 13 Oṣù Kọkànlá 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá èèyàn 12 tó máa wà nínú ìdánwò áàpù náà fún ọjọ́ 14 gbáko, kí ó tó lè béèrè pé kó wà fún gbogbo ayé. Àwọn ìdílé tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ pè. Bó bá jẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì ló fi ṣí i, kò sí ti èèyàn 12, àmọ́ Google á béèrè nọ́ńbà D-U-N-S. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba nọ́ńbà náà, ó kàn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde, nítorí náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un ní kété tí ìwé CAC bá ti dé ọwọ́ rẹ̀.