Ìbọn Snider àti Ogun Kírìjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun. Òótọ́ ni òwe yìí fún ẹni tí ó dúró níwájú ìbọn. Ṣùgbọ́n lójú òpìtàn, irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ jagunjagun, ọ̀nà tí a ń gbà ki í, àti ibi tí ohun tí a ń ki sí i ti ń wá, kì í ṣe ohun tí ó ṣeé fojú kéré. Ní ọdún 1866, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ìdí ìbọn ògbólógbòó wọn ṣe. Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ ọwọ́ yìí fi dé àárín òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ, tí ó sì yí ojú ogun Kírìjì padà.

Ìbọn Enfield ti ọdún 1853 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹnu ni a ń gbà ki í. Ológun yóò kọ́kọ́ ya bébà, yóò da ẹ̀tù sínú ìbọn, yóò fi ọ̀pá ti ọta wọlé, yóò sì fi ìṣáná kékeré sí ìdí rẹ̀ kí ó tó yìn ín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá kò lè yìn ín ju bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 1864, nígbà tí Prussia gbógun ti Denmark, gbogbo ayé rí i pé ìbọn tí a ń gba ìdí ki dára ju èyí tí a ń gba ẹnu ki lọ, nítorí pé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ pàápàá lè ki í láìdìde. Ṣùgbọ́n Enfield tí ó wà nílé ìṣúra ìjọba pọ̀ jù fún dídànù. Nítorí náà ni ìjọba ṣe ké sí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn pé kí wọ́n wá ọgbọ́n tí a ó fi sọ ògbólógbòó di ọ̀tun.

Ọgbọ́n Jacob Snider, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbà. Wọ́n gé díẹ̀ kúrò ní ìdí ọ̀pá ìbọn náà, wọ́n gbẹ́ ihò tuntun sí i fún ọta tuntun, wọ́n sì dè é mọ́ irin mìíràn tí ó ní ìlẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí sí apá ọ̀tún. Igi ìdìmú ìbọn, apátí rẹ̀ àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀pá rẹ̀ wà bí wọ́n ti wà. Ọ̀gágun Boxer ni ó ṣe ọta onídẹ tí ó bá ihò náà mu: ọta, ẹ̀tù àti ìṣáná wà pọ̀ nínú àpò idẹ kan ṣoṣo. Bí iná bá ràn án, idẹ náà a wú, a sì dí ihò náà pinpin kí èéfín má baà bẹ́ sẹ́yìn. Ìbọn tí ń dún lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan wá ń dún lẹ́ẹ̀mẹwàá. Snider fúnra rẹ̀ kò jèrè rẹ̀, nítorí pé inú òṣì ni ó kú sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1866 kan náà.

Ní ọdún 1871, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba ìbọn Martini-Henry, Snider sì bẹ̀rẹ̀ sí di ohun tí oníṣòwò lè rí rà. Ní àkókò yìí ni ilẹ̀ Yorùbá ń gbóná. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti já àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Àwọn ọmọ wọn tí ń gbé Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró, dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn tí a ń gba ìdí ki, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó lọ bá Ògèdèngbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní tí Ìbàdàn, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Látòósà. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó gba Èkìtì là. Ìṣọ̀kan wọn àti àwọn òkè wọn kó ipa tiwọn. Síbẹ̀, ogun tí Ìbàdàn rò pé yóò tètè parí di ogun àjàìparí. Ibùdó ogun ni Látòósà kú sí ní ọdún 1885, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di ọdún 1893 kí ibùdó ogun náà tó tú.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn yìí wà nínú ihò kékeré tí a gbẹ́ sí ìdí ìbọn náà. Bí ṣakabùlà bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe. Bí ọta rẹ̀ bá tán, a lè fi wẹ́wẹ́ irin dípò. Snider kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta onídẹ kan ṣoṣo ni ihò rẹ̀ gbà, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ni ọta náà ti ń wá. Ọjọ́ tí àpò ọta bá gbẹ, ọ̀pá irin lásán ni ó kù. Ìbọn tí ó sọ jagunjagun di alágbára ju ọ̀tá rẹ̀ lọ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ń wo ojú ọjà Èkó. Èkó náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861.

Àwọn òyìnbó mọ èyí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé ní Brussels ní ọdún 1890, wọ́n ṣòfin tí ó ka títa ìbọn irú èyí àti ọta rẹ̀ léèwọ̀ fún Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù. Wọ́n fàyè sílẹ̀ díẹ̀ fún ìbọn olókùúta-ìṣáná, irú ṣakabùlà. Ọdún méjì péré lẹ́yìn òfin yìí ni ìbọn Maxim dún sí Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá wọ ìlú, ó dára kí a bèèrè bí agbára rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a bèèrè ẹni tí ń fún un lóúnjẹ, nítorí pé ẹni tí ó ni ọta ni ó ni ìbọn.